Ihò Bíríkì Mẹ́rin

Ọ̀sán gangan là ń tanná ní yàrá ìyá mi
kó tó lè rí ojú abẹ́rẹ́.
Ràìmí bíríkìlà gbé òòlù;
bíríkì mẹ́rin péré ló yọ
kí ọkùnrin kan tó dé tòun ti ọ̀dà pupa,
ó kọ DÁ IṢẸ́ DÚRÓ sára ilé
tí bàbá mi kọ́ kí ọ́fíìsì tiwọn tó lórùlé.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ sí Òkè-Mosàn.
Wọ́n ní plánì ilé dà? Plánì wo?
Okùn àti ìṣísẹ̀ ni bàbá mi fi wọn ilẹ̀ Ìkèrèkú,
àpáta ló sọ ibi tí igun yóò wà.
Wọ́n ní mítà mélòó ló wà sí ilé kejì?
Mo ní ikọ́ Ìyá Ṣówándé ló ń jí wa láàárọ̀,
ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Mo délé tìbínútìbínú, mo yọjú lójú ihò náà.
Ìyá Ṣówándé ń wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé:
ẹ̀yìn arúgbó, ọṣẹ, kànrìnkàn,
ó ń dá rẹ́rìn-ín.
Mo yára fa orí sẹ́yìn.
N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ní kí ayàwòrán tún un yà:
kí fèrèsé ga ju orí ènìyàn lọ,
kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kí ojú má jáde.
Ọ̀gbẹ́ni Ṣógbèsàn gbà á, ó tì í sábẹ́ fáìlì mìíràn,
ó ní ká máa retí.

À ń retí.
Oòrùn tó tó bíríkì mẹ́rin ń bọ́ sórí ẹní láràárọ̀.
Ìyá mi a mú abẹ́rẹ́, a jókòó sí i;
bó bá sún, òun náà a sún.