Wolé-wolé Òkun

Aago márùn-ún àárọ̀ kò tí ì lù ní Morecambe
tí òkun ti ká aṣọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀,
ó fi ẹrọ̀fọ̀ sílẹ̀ lọ bí ẹni tó sá fún gbèsè.
Mo wọ bàtà rọ́bà tó dé itan,
mo gbé asẹ́, mo gbé ìgò, mo gbé irin onígun mẹ́rin,
mo ń wá ẹnu páìpù.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, bàbá mi àgbà ṣe wolé-wolé.
Ṣòkòtò kakí kúkúrú, tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì méjì.
Bó bá yọ lókèèrè, àwọn ìyálé a gbé ìkòkò pamọ́ sẹ́yìn àká,
ọmọdé a figbe bọnu: "Wọ́n ń bọ̀ o!"
Yóò ṣí ọmọrí, yóò tanná sínú omi,
yóò dákẹ́.
Tanwíjí kan ṣoṣo tó bá jó nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn,
ẹjọ́ di ti kóòtù.

Èmi náà rèé, ọmọ ọmọ rẹ̀.
Ìkòkò tèmi kò ní ọmọrí.

Mo gbé irin lélẹ̀ lẹ́bàá páìpù, mo wa ẹrọ̀fọ̀, mo sẹ́ ẹ.
Aràn pupa, tín-ín-rín bí òwú,
irínwó ó lé méjìlá, gbogbo wọn ọmọ ìyá kan.
Ẹni tí kò mọ̀ á ní, "Ẹ wo bí ẹ̀mí ṣe pọ̀!"
Àmọ́ ìlú tó ku ìdílé kan ṣoṣo,
kì í ṣe ìlú tó tòrò.
Mo rìn lọ sápá àríwá, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú,
mo tún gbé irin lélẹ̀:
aràn mẹ́ta, ìgbín òkun márùn-ún, akàn tí kò ju èékánná lọ,
àti ohun kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, tó ń wò mí.
Wọn ò pọ̀. Wọ́n pé.

Ọ̀gbẹ́ni Postlethwaite bá mi lọ́nà, òun àti ajá rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi kó ìṣáwùrú ní etíkun yìí,
bàbá rẹ̀ kó o, ìyá bàbá rẹ̀ kó o tà.
Kò kí mi. Ó ní, "Ṣé mo lè jẹ ẹ́?"
Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì.
Ó wo ajá rẹ̀.
Ajá ti jẹ ẹ́ ná.

Àwọn tó ni páìpù kọ̀wé: òjò ni.
Òjò pọ̀ jù, àgbá kún, àfi kí wọ́n tú u.
Òjò tí kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́,
àṣé ó ní ẹbí ní ọ́fíìsì wọn.
Ìgbà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n tú u lóṣù kan.
Mo ka ọjọ́ òjò nínú ìwé mi: mọ́kànlá.

Kí n má purọ́ o:
kí n tó jáde nílé láàárọ̀ yìí,
èmi náà tẹ bọ́tìnnì, omi wọ́ tèmi lọ.
Mi ò bi í léèrè ibi tó ń lọ.
Ẹni bá da omi síwájú ni í tẹlẹ̀ tútù, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀;
wọn ò sọ irú omi.

Òkun ti ń padà. Níbí, kì í rìn, eré ló ń sá.
Mo fi pẹ́ńsù kọ iye, torí tàdáwà a máa sunkún.

Bàbá mi àgbà, bó bá rí tanwíjí,
a dojú ìkòkò délẹ̀ lójú onílé,
a ní kí wọ́n lọ pọn òmíràn.

Mo dúró, omi ń gun bàtà mi.
Níbo ni mo fẹ́ da èyí sí?
Odò wo ni mo fẹ́ ní kí wọ́n lọ pọn?