Ọ̀nà Kan Ṣoṣo

Òru ni mo kọ ọ́, ní ilé ìkàwé Haapsalu,
yìnyín ń họ fèrèsé bí ológbò tó fẹ́ wọlé.
Ìlà kan péré nínú fáìlì:
ẹni tó bá fi orúkọ “òǹkàwé” wọlé,
má fún un ní tábìlì, má fún un níbi tí yóò ti pàṣẹ;
àtòjọ ìwé ni kó bá lẹ́nu ọ̀nà.
Bó bá ti pa á dé, kó padà síta.
Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọjà.
Èmi ti dí ìyókù.

Láàárọ̀, Eevald dé, apẹja àtijọ́,
ìka rẹ̀ nípọn ju bọ́tìnì lọ.
Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún,
ilẹ̀kùn kan náà ló ń ṣí.
“Virve, níbo ni mo ti lè kọ lẹ́tà sọ́mọ mi?”
Mo ní ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ ju ìwé lọ.
Ó rẹ́rìn-ín: “Bí èmi àti òkun ṣe rí nìyẹn.”

Mo wá bébà fún un, àti bíírò mi.
Lálẹ́ mo tún ṣí fáìlì náà,
mo wò ó títí,
n kò pa nǹkan kan rẹ́.