Àgádágodo Méjì

Odúnlámì fi àgádágodo ti ilé ẹ̀rọ,
mo fi tèmi lé e.
Ẹ̀rọ gàrí tá a jọ fowó àjọ rà
dákẹ́ sínú òkùnkùn.

Mo ti ń wá owó lọ́yà
nígbà tí Ìyá Kúbúrá sọ àpò ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà:
"N ò wá parí ìjà. Ẹ̀gẹ́ mi ló ń kan."
Ẹlòmíràn sọ tirẹ̀. Ẹlòmíràn.
Kí oòrùn ó tó kan àtàrí,
òórùn kíkan ti gba Kétu dé Àkàbà Ìdẹ̀nà.
Kò sẹ́ni tó dá wa lẹ́jọ́. Wọ́n kàn jókòó.

Odúnlámì yọ kọ́kọ́rọ́, kò wojú mi.
Mo yọ tèmi.

A ò tíì sọ̀rọ̀ dòní:
ó ń ki ẹ̀gẹ́ bọ ẹnu ẹ̀rọ,
mo ń fi abọ́ gbà á nísàlẹ̀.