Garawa Saima

Ooru ń kógbá sílé.
Ìrì òwúrọ̀ yìí tutù ju ti àná lọ,
ewé kan ṣoṣo lára igi funfun ẹ̀yìnkùlé
ti pọ́n rúsúrúsú, ó ń ṣe bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.
Lọ́jọ́ Ajé, Saima á wọ kíláàsì kìíní.
Báàgì tuntun ti wà lórí ìkọ́,
ó ń dán bí ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lómi.
Ṣùgbọ́n Sátidé lòní. Òní, tèmi ni.

Mo di oúnjẹ: búrẹ́dì dúdú oníhò láàárín,
irú èyí tí ìyá mi máa ń fi ọ̀pá kọ́ sókè àjà,
pòtétò sísè mẹ́rin, iyọ̀ nínú bébà,
bọ́tà nínú agolo tábà bàbá mi.
A wọ bàtà rọ́bà. Tirẹ̀ pupa. Tèmi ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ọ̀nà igbó gba ẹ̀bá adágún Ruoko.
Saima ṣíwájú, garawa ń lu orúnkún rẹ̀,
gbì, gbì, gbì.
Ó ń bi mí lórúkọ gbogbo ohun tó ń mí.
Mo mọ ìdajì.
Ìdajì yòókù, mo sọ wọ́n lórúkọ.

Nígbà tí a dé abẹ́ àwọn igi páìnì,
bulúbẹ́rì ti ṣú bo ilẹ̀
bí òru tó gbàgbé láti lọ sílé.
Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ.
Níbí, pẹpẹ ló bẹ̀rẹ̀ wá bá ọmọ lórúnkún;
ẹ̀yìn èmi Tauno ni kò tó o mọ́.

“Bàbá àgbà, ta ló gbin gbogbo èyí?”
“Kò sẹ́ni tó gbìn ín.”
“Ta wá ni a ó sanwó fún?”
Mo gbá ọrùn mi, pá!
“Ẹ̀fọn,” mo ní. “Àwọn ni agbowó-orí igbó yìí.”
Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́ síta, ó dúró jẹ́ẹ́.
Ó ní òun fẹ́ san tòun tán kí òun tó jẹ ẹyọ kan.

Lẹ́yìn náà, ọ̀kan sí garawa, mẹ́ta sẹ́nu.
Tèmi: mẹ́ta sí garawa, ọ̀kan sẹ́nu.
Kí n má purọ́, méjì sẹ́nu.

A jókòó lórí òkúta tí oòrùn ti mú lọ́wọ́ọ́rọ́.
Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti lọ, tuntun ò tíì dé;
tèmi lọ, kò sì ní í dé mọ́.
Àwa méjèèjì ń fi ẹ̀yìn ẹnu jẹ búrẹ́dì líle,
à ń fi ara wa rẹ́rìn-ín.
Pòtétò tútù bọ inú iyọ̀.
Kò sí ọbẹ̀. Ọbẹ̀ ò sì wù wá.

Nígbà tí à ń darí bọ̀, gbòǹgbò kan na ẹsẹ̀ sọ́nà.
Gbàlàjà!
Garawa fò, bulúbẹ́rì tú ká sínú koríko.
Kò sunkún orúnkún tó bó.
“Ti Màmá ni! Ti Màmá ni!” ló ń ké.
A kúnlẹ̀. A ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan,
tòun ti ewé, tòun ti ẹ̀ka, tòun ti èèrà kan
tí kò mọ̀ pé òun ti di èrò ọ̀nà ìlú.

Nírọ̀lẹ́, Riikka ọmọ mi ti ilé ìwòsàn dé,
oorun iṣẹ́ òru ṣì wà lójú rẹ̀.
Saima da wàrà sórí ìwọ̀nba tó kù.
Wàrà di aró. Ṣíbí di aró. Ahọ́n di aró.
Ìyá rẹ̀ jẹ ṣíbí kan, ó rún ewé kan mọ́ ọn,
kò wí nǹkan kan.

Lókè adágún, àwọn ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn
ti ń to ara wọn fún ìrìn-àjò.
Báàgì ń dán lórí ìkọ́.
Mo ní kí Saima lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, nítorí tíṣà.
Ó wo ọwọ́ náà. Ó wò mí.
Ó fi méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.