Ìbéèrè Kẹrìnlá

Mo di ìwé ìbéèrè ọgọ́sàn-án sínú báàgì,
mo gun ọ̀kadà kúrò ní Gwagwalada,
ọyẹ́ ń ya mí létè, eruku ń kùn mí lójú bí àtíkè.
Bàwá tó ń wa ọ̀kadà náà ni ògbufọ̀ mi.
Ó ní òun gbọ́ Gbàgyí, òun gbọ́ Haúsá,
òun sì ti gbé ọmọ Yorùbá rí tí kò sanwó,
nítorí náà a ti di ẹbí.

Ní yunifásítì, wọ́n ti kọ́ mi pé
ìmọ̀ ń ṣàn bí omi, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.
Mo ya àwòrán rẹ̀ nínú ìdánwò:
ọfà kan láti ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n sí rédíò,
ọfà kan láti inú rédíò sí àgbẹ̀.
Mo gba máàkì mẹ́tàdínlọ́gọ́rin.
Kò sí ẹni tó bi mí pé
ọfà, kí ni wọ́n ń fi í ṣe nílé yín?

Ìyá Azúmì ń fẹ́ yànmọtí lórí ẹní.
Èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti le bí ìdí odó,
nítorí èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù níbẹ̀;
orí, wọ́n ní, ó ti ní iṣẹ́ tirẹ̀.
Ọmọ ọdún mélòó ni yín, mà?
"Ọdún tí odò gbé abà wa lọ, mo ti ń rìn."
Mo wá ibi tí mo lè fàmì sí. Kò sí.

Mo dé ìbéèrè kẹrìnlá:
Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ètò àgbẹ̀ lórí rédíò?
Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.
Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀,
títí òjìji mángòrò fi kúrò lẹ́sẹ̀ wa.
Bàwá yíjú sí mi: "Ó ní bẹ́ẹ̀ ni."

Bàwá, ọ̀rọ̀ tó gùn tó ọ̀nà Abaji
lo ká kó sínú bẹ́ẹ̀ ni?
Ó rẹ́rìn-ín, ó họrí, ó tún un sọ:

"Ó ní ọkọ òun ló ni rédíò,
ó ń so ó mọ́ ọkọ́ lọ sóko.
Ó ní nígbà tí wọ́n bá ń sọ tàgbẹ̀, odò lòun máa ń wà.
Ẹ̀ẹ̀kan lòun gbọ́ ọ, lọ́jọ́ tí ibà dá ọkọ dúbúlẹ̀:
ọkùnrin kan ní kí wọ́n má tíì gbin nǹkan kan,
òjò kò tíì fìdí múlẹ̀.
Ó ní òjò sì ń rọ̀ sórí rédíò náà bó ti ń sọ ọ́.
Òun bá a jiyàn, kò dá òun lóhùn.
Ó ní kí n bi ọ́:
ihò wo lèèyàn ń gbà sọ̀rọ̀ padà sínú rẹ̀?"

Mo wo bíró mi.
Bàbá mi ní Ìgànná, nígbà ayé rẹ̀,
bẹ́ẹ̀ ló máa ń dá rédíò lóhùn:
"Irọ́ lo pa! Wá wo ebè mi!"
Àwa ọmọ a máa rẹ́rìn-ín,
a rò pé ogbó ló ń dé.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi kàwé lórí ẹ̀rín yẹn.

Mo yí ìwé dà, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀
láìfo ọ̀rọ̀ kan, títí ojú ìwé fi kún.
Nígbà tí mo dìde, ó bu yànmọtí ẹ̀kúnwọ́ kan,
kò rí ọ̀rá, ó wé e sínú ìwé náà gan-an:
"Gbé e fún olùkọ́ rẹ.
Sọ fún un pé ohun tí mo gbìn nìyí
lọ́jọ́ tó ní kí n má gbìn."

Dókítà Iorkyaa gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀.
"Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló ní bẹ́ẹ̀ ni?"
Mo ní gbogbo rẹ̀ ṣeé kà, àfi ẹyọ kan.
Ó nawọ́ gba ẹyọ náà, ó tú u,
yànmọtí dà sórí tábìlì,
ó yí wọ abẹ́ kọ̀ǹpútà.
Ó fẹ́ bínú.
Ó ka ẹ̀yìn ìwé. Ó tún un kà.
Ó fìka tẹ hóró méjì, ó jù ú sẹ́nu,
ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń gbọ́ ohùn tó jìnnà.
"Ìbéèrè kẹrìnlá yìí," ó ní, "ta ló kọ ọ́?"
Mo ní, èmi ni, sà.
Èmi àti ẹ̀yin.