Erùpẹ̀ Aládùúgbò

Òjò oṣù keje kì í kanlẹ̀kùn ní Tucson.
Láti ọ̀sán ló ti jókòó sórí òkè Catalina,
ó fajú ro, ó ń fọwọ́ pa ikùn dúdú rẹ̀;
nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó tú gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀
láàárín ogún ìṣẹ́jú.
Ilẹ̀ ibẹ̀ le bí àwo. Kò mọ omi í mu.
Ohun tó bá rọ̀ á sáré wá ibi tó rẹlẹ̀,
ibi tó sì rẹlẹ̀ jù lọ ní òpópónà wọn
ni adágún ìwẹ̀ Ìyá Ostrander.

Aago mẹ́fà àárọ̀, èmi àti bàbá mi dúró létí rẹ̀.
Eleuterio Tarango: ọdún mọ́kànlélógún
ló ti ń fọ adágún onílé-onílé,
òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe òmùwẹ̀.
Omi tó ń dán bí ojú ọ̀run lánàá
ti di ògì ọkà bàbà.
Ewé igi ẹlẹ́gùn-ún, ike, bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan,
àkeekèé mẹ́ta tó ti kú,
àti ọ̀pọ̀lọ́ kan tó tó ìkúùkù ọkùnrin,
ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́
bí ẹni tó ti san owó ilé.

Halvorsen tó ń gbé lókè ló hú igbó etí ọgbà rẹ̀,
ó ní òun ń fẹ ibi ìgbọ́kọ̀sí.
Kò mọ̀ pé igbó yẹn ló di ilẹ̀ lọ́wọ́ mú.

Mo ní ká tan ẹ̀rọ. Bàbá mi kọ̀.
Ẹrẹ̀ yìí á há ẹ̀rọ lọ́fun, ni ó wí.
Ó bu álọ́ọ̀mù, ó fọ́n ọn sójú omi
bí ẹni ń fọ́n ọkà fún adìẹ,
ó kó ọwọ́ sápò: "Ó di ọ̀la."
"Ọ̀la kẹ̀?"
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà,
ọ̀la jìnnà sí mi.
"Fi í sílẹ̀. Omi tí a kò bá fọwọ́ kàn
á rántí ara rẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ẹrẹ̀ ti sùn nísàlẹ̀ bí kúbùsù.
Ó ti ọ̀pá gígùn bọmi, ó ń fà á
díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.
Èmi di ẹnu rọ́bà mú sórí garawa.
"Ibo ni ká da èyí sí, Ìyá?"
Ìyá Ostrander, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin,
kọfí tútù lọ́wọ́, kò gbójú sókè:
"Ẹ rù ú lọ fún Halvorsen.
Ilẹ̀ rẹ̀ ni. N kì í ṣe olè."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀.
Ẹrẹ̀ jí. Ó dìde, ó di ìkùukùu,
a sì tún fi wákàtí mẹ́ta jókòó.

Garawa mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo kà á, torí èmi ni mo rù ú.
Halvorsen jáde tòun ti aṣọ ìsùn lọ́rùn.
Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ilẹ̀ yín rìnrìn àjò,
a mú un padà wálé."
Kò fèsì. Ṣùgbọ́n garawa tó kẹ́yìn,
òun ló gbà á lọ́wọ́ mi,
òun ló dà á, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí oòrùn máa wọ̀, omi tòrò.
Mo rí ibi tí ìsàlẹ̀ ti sán,
mo rí ṣíbí kan tí ẹnikẹ́ni ò wá.
Bàbá mi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn-ọwọ́,
ó ka ìka rẹ̀, márùn-ún pé.
Lókè Catalina, ìkùukùu kan ti ń gbé àga rẹ̀ kalẹ̀.
Ọ̀pọ̀lọ́ ṣì wà lórí àtẹ̀gùn,
òun nìkan ni iṣẹ́ wa ò tẹ́ lọ́rùn.