Ilé Ọta

Ìbọn bàbá mi kò bàjẹ́.
Kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa káàánú rẹ̀.
Ọta tó ń jẹ ni kò sí lọ́jà mọ́.
Mo dé Ọjà'ba, mo dé Agodi,
mo bá ọkùnrin kan ní Mọ̀kọ́lá tó ń ta nǹkan ọdẹ,
ó ní, "Bàbá, irú èyí ti wọlẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń yìn ín."

Mo fi àpò sìmẹ́ńtì wé e, mo gun òkè Màpó
ní ìdájí Sátidé, mo yà sọ́dọ̀ Sùnmọ́là alágbẹ̀dẹ.
Sùnmọ́là kì í yára sọ̀rọ̀.
Ó yọ ọ̀pá kúrò lára ìdí, ó nà án sójú ọ̀run,
ó ní kí n wá wo inú rẹ̀.
Mo di ojú òsì.
Ní ìpẹ̀kun ihò lọ́hùn-ún ni mo ti rí Ìbàdàn,
kékeré bí ẹyọ owó,
páànù pupa lórí páànù pupa,
ìpáàrà nínú, ìpáàrà lóde,
n kò mọ ibi tí irin parí sí tí ìlú ti bẹ̀rẹ̀.

"Ilé ọta yìí, mo lè gbẹ́ ẹ fẹ̀,
kí ọta tó wà lóde báyìí lè wọ̀ ọ́.
Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta.
Ọ̀pá tuntun, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án."

Mo jókòó lórí táyà àlòkù.
Àrìnpé ìyàwó mi ti bá mi ṣírò kí n tó kúrò nílé;
ọdún méjìlá ló fi ṣe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.
"Òkété mẹ́ta lo pa lésìí.
Bó o bá gbẹ́ ẹ, òkété kan di ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Bó o bá pààrọ̀ ẹ̀, ó di ọgọ́ta.
Ní Akànran, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni wọ́n ń tà á,
wọ́n á sì bá ọ yan án."
Kò rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ilé wa ní Kúdẹtì ni mo ń rò,
ilé alámọ̀ tí bàbá mi kọ́.
Ayálégbé kan kó dé tòun ti bẹ́ẹ̀dì ńlá,
ẹnu ọ̀nà kò gbà á.
A gbẹ́ ògiri. Bẹ́ẹ̀dì wọlé.
Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í lanu,
ó lanu láti ẹnu ọ̀nà náà títí dé àjà.
Ayálégbé kó lọ. Ògiri kò padà sípò.

"Tó o bá gbẹ́ ẹ, irin tó kù á nípọn tó?"
Sùnmọ́là fi èékánná kan ìdí ọ̀pá náà,
ó tẹ́tí sí i bí ẹni ń ra ìkòkò.
"Ẹ lè yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ lè yìn ín nígbà igba.
Èyí tó máa kẹ́yìn ni mi ò mọ̀."
Ó wá na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí mi, kò sọ nǹkan kan.
Ìka mẹ́ta.

Mo dẹ́kun òkété í kà.
Mo ka ìka ara mi,
mo fi ojú tí mo fi wo ihò náà kún un,
mo fi Bóládalẹ̀ ọmọ-ọmọ mi kún un,
tó máa ń fẹ́ dúró lẹ́bàá èjìká mi.
Wọn kì í ta ìyẹn ní Akànran.

Mo san ọgọ́rin sílẹ̀. Ìyókù di ìgbà tí a bá ta ẹ̀gẹ́.
Sùnmọ́là ní òun á ra ọ̀pá àtijọ́ ní ẹgbẹ̀rún méjì, owó irin.
Mo ní rárá.

Awakọ̀ Máíkírà bi mí pé kí ló gùn tó báyìí nínú àpò.
Mo ní, "Ilé ni."
Ó wò mí nínú dígí. Kò bi mí mọ́.

Àrìnpé náà kò bi mí.
Ó wo àpò, ó wo ojú mi,
ó lọ mú ìwé ìṣírò rẹ̀ wá,
ó fi ahọ́n tọ́ ẹnu pẹ́ńsùlù.